Igbe Inú Àwo Orin

"Ẹ ké e lẹ́ẹ̀kan sí i, Mọ́mì. Èyí tẹ́ ẹ ké yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn rí aáyán nínú bàtà."

Ìyá náà súnmọ́ máìkì, ó tún ké. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mi orí lẹ́yìn gíláàsì. Láti àárọ̀ ló ti ń ké, ohùn ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin sì ti ha.

Inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ yìí gan-an ni ọkọ rẹ̀, Gbọ̀nrìrì olórin fọ́ǹkì, ti kọ orin tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká lọ́dún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn. Láàárín orin náà, ìlù á dákẹ́, igbe obìnrin kan á sì ta sókè. Títí di òní, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn máa ń ké igbe náà lójú agbo ijó, wọ́n á máa fò sókè. Gbọ̀nrìrì ti kú báyìí, gbogbo ayé ń sọ pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí irú rẹ̀ tún wà.

Ìyá yìí ló ké igbe yẹn, nígbà tó ń ṣe elégbè fún ọkọ rẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n fẹ́ tún orin náà gbé jáde, téèpù àtijọ́ ti bàjẹ́ níbi igbe yẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tó gbọ́, ó dúpẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé òun náà ni wọ́n máa wá pè.

"Kò sí ìrora nínú ẹ̀, Mà," ni ọkùnrin tó ń gbohùn sílẹ̀ wí.

"Báwo ni Dádì ṣe rí i ṣe nígbà yẹn?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

Ìyá náà gbé ọwọ́ òsì sókè sí gíláàsì. Ìka méjì ti wọ́ níbẹ̀, wọn ò ṣeé ká mọ́.

"Ó ní kí n di etí ilẹ̀kùn mú. Mo dì í mú. Ló bá fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn mọ́ mi níka. Nígbà tí mo máa lajú, bàbá ẹ ń jó. 'Ó ti dé! Ó ti dé!' ló ń pariwo. Oyún ẹ wà nínú mi, oṣù mẹ́ta."

"Ṣebí ẹ ní ẹ̀rọ ìránṣọ ló ṣe yín léṣe?"

"Kí ni kí n sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin?"

Ojú ọmọ náà kúrò lára ìka ìyá rẹ̀, ó lọ sára ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ rí i.

"Díẹ̀ péré ni, Mọ́mì. Mi ò ní tì í le."

"Ẹní bíni là ń jọ lóòótọ́." Ìyá náà lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú. "Ìwọ wá fi ọwọ́ tìẹ sí i. Ohùn bàbá ẹ ṣáà lo ní. Èmi á tì í."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Orúkọ Dádì là ń gbìyànjú ká má jẹ̀ẹ́ kó pa rẹ́, ẹ̀yin ń ṣe báyìí."

Ìyá náà mú báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe dé ìsàlẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ń gbé fóònù sílẹ̀, ó sì ń tún irun rẹ̀ ṣe.

"Mà, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lókè! Wọ́n ní ohùn mi ni wọ́n fẹ́ fi sínú orin Gbọ̀nrìrì!"

Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ayọ̀ náà hàn lójú rẹ̀, ó sì dun ìyá náà wọra. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe òun náà wá síbí, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ra bàtà tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Wọ́n ń dúró dè mí."

Ìyá náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó na ẹsẹ̀, ó sì dí ọ̀nà pa. Ọmọ rẹ̀ yọrí lókè.

"Mọ́mì, ẹ kúrò lọ́nà."

Kò bojú wẹ̀yìn. "Fa àga ẹ súnmọ́ mi," ló wí fún ọmọbìnrin náà, "kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe orin yẹn fún ẹ."