Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìyá

Ẹ má dá Hàmdálàt lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ má sì gbè é jù. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ìgbà SAP ni, ètò tí ìjọba ní òun fi ń tún ọrọ̀ ajé ṣe. Àwọn ológun wà lórí àga, náírà ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, ìrẹsì ti di oúnjẹ ọdún, gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba sì ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti máa ń dún láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, Ọ̀gá Ọdẹ́túnjí ní ṣọ́ọ̀bù kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò ní tiwọn. Èèyàn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́: Hàmdálàt, ọmọ Báríga tó jáde ní yunifásítì, àti Japhet Ẹkúndayọ̀, tó ti ru àpò bíi lébìrà ní wọ́ọ̀fù kó tó rówó kàwé.

Hàmdálàt ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, àṣẹ lásán ni wọ́n máa ń kọ: ṣe báyìí, ṣe tọ̀hún. Bó bá fi máa tó oṣù mélòó kan, àwọn fúnra wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n kọ mọ́. Hàmdálàt ò lè gba irú ẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ kan tó ti òkè òkun dé ló kọ́ ọ pé èèyàn ni kéèyàn máa kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nítorí náà, inú fáìlì kan ṣoṣo ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Á kọ́kọ́ fi Yorùbá tó dán mọ́rán ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe àti ìdí tó fi fẹ́ ṣe é, á wá kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé sábẹ́ àlàyé náà. Fáìlì yìí ló ń pè ní Ìyá.

Bí iṣẹ́ bá yá, ètò kékeré kan wà tó máa ń ṣa àwọn àṣẹ jáde nínú Ìyá, tó máa fi àlàyé sílẹ̀, tó máa to àṣẹ nìkan jọ sínú fáìlì mìíràn. Ìyẹn ni Ọmọ. Ìyá wà fún èèyàn, Ọmọ wà fún ẹ̀rọ. Bí Ìyá bá sì ti bí Ọmọ tuntun, ti àtijọ́ pa rẹ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà wọn ò mọ àmì ohùn, torí náà bí Hàmdálàt bá ti tẹ Ìyá sórí bébà tán, á jókòó, á máa fi báírò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Japhet á máa fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Ọmọ o," Hàmdálàt máa ń kìlọ̀ fún un. "Bí nǹkan bá bàjẹ́, Ìyá ni kí o tún ṣe. Ohun tí kò bá sí nínú Ìyá, kò sí láyé."

Ìgbà tó yá ni iṣẹ́ ńlá kan wọlé. Àjọ kan tó ń rí sí títún ọ̀nà ṣe, orúkọ ẹ̀ ò kàn yín, fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Kọ́nẹ̀lì tó wà lórí ẹ̀ ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, kó máa lọ sílé. Wọ́n kó káàdì gbogbo òṣìṣẹ́ wá fún Ọ̀gá Ọdẹ́túnjí kí kọ̀ǹpútà bá wọn ṣa orúkọ àwọn tó máa lọ.

Káàdì bàbá Hàmdálàt wà nínú ẹ̀. Àlímì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Katapílà ni gbogbo àdúgbò wọn ní Báríga ń pè é, torí katapílà ló ń wà fún àjọ náà. Owó oṣù yẹn ló fi rán Hàmdálàt níwèé. Owó oṣù yẹn náà ni àwọn àbúrò ẹ̀ ṣì ń jẹ. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti délé ni Modinat, ìyá wọn, ti fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," Hàmdálàt ní. "Èmi gan-an ni mò ń kọ ọ́. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ti lò ju ogún lọ."

"Ó dáa, ọmọ mi," Bàbá Katapílà dáhùn. "Ìwọ sáà ló mọ̀wé."

Ẹ wá gbọ́ àlàyé tó kọ sínú Ìyá lórí ọ̀rọ̀ yìí: *Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sin iléeṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó jókòó. Òógùn ẹ̀ wà lórí ọ̀nà tí gbogbo wa ń rìn.* Gbólóhùn yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó kà á sókè fún Ọ̀gá. Lábẹ́ ẹ̀ ló wá kọ àṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa ka ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́nfáàmù èèyàn, ìyẹn ọjọ́ tó di òṣìṣẹ́ olówó oṣù.

Ibẹ̀ gan-an ló ti bà á jẹ́. Àwọn bíi Bàbá Katapílà, lébìrà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́. Owó òòjọ́ ni wọ́n gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti kọ́nfáàmù wọn. Hàmdálàt ò mọ̀. Láti kékeré ló ti ń rí i tí bàbá ẹ̀ ń jáde láàárọ̀, iṣẹ́ sì niṣẹ́ lójú tiẹ̀. Bàbá ò kúkú fi ìyà ìgbà náà ṣe ìtàn fọ́mọ rí.

Japhet ló rí i. Hàmdálàt ti lọ kírun Alásárì nígbà tí Ọ̀gá ní kí Japhet tẹ orúkọ jáde, kí Kọ́nẹ̀lì lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ti ń kà á lọ ló kan Àlímì, awakọ̀ katapílà. Háà! Ó fa káàdì yọ. Ọjọ́ méjì ló wà lára ẹ̀: ọjọ́ tó dé bíi lébìrà, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́nfáàmù ẹ̀. Méjèèjì ni wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni àṣẹ ń wò. Ẹni tó ti ṣe lébìrà rí ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún òun. Ọ̀gá ń ké láti ìsàlẹ̀ pé ìránṣẹ́ Kọ́nẹ̀lì ti dé, iná NẸ́PÀ ti ń ṣẹ́jú. Ló bá ṣí Ọmọ, ó yí àṣẹ náà padà pé kí ẹ̀rọ máa ka ọdún láti ọjọ́ tí èèyàn dé, ó sì tún orúkọ tẹ̀. Orúkọ Àlímì kúrò níbẹ̀.

Hàmdálàt dé, ó ka ẹ̀dà tó kù nílẹ̀. Orúkọ bàbá ẹ̀ ò sí níbẹ̀. "Alhamdulilahi!" Ara ẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Japhet sún mọ́ ọn. "Hàmdá, nǹkan kan wà tí mo ṣe sí Ọmọ lẹ́ẹ̀kan..."

Ká ní Hàmdálàt dákẹ́ kó gbọ́ ni!

"Sí kí ni? Sí Ọmọ kẹ̀? Ṣé o kọ ọ́ sínú Ìyá?"

"Mi ò tíì kọ ọ́, iná ló ń..."

"Má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Lọ kọ ọ́ bí èèyàn. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe, kò mọ ohun tó ṣe."

Ojú Ọ̀gá ló ti sọ ọ́. Àwọn oníbàárà tó jókòó sì bú sẹ́rìn-ín. Japhet wò ó títí, ó mú báàgì ẹ̀. "Ó dáa, Purofẹ́sọ̀," ó ní, ó sì gba ilé ẹ̀ lọ ní Pedro. Ó ti pinnu pé òun ò ní la ẹnu òun mọ́. Òun náà jẹ̀bi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́; èèyàn kì í torí pé inú ń bí òun kó gbé oúnjẹ ọlọ́mọ dà nù.

Ní ọjọ́ kejì, Kọ́nẹ̀lì ní ó ti dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tẹ ojúlówó. Hàmdálàt bá tún ka Ìyá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò ó pé "ẹ jẹ́ kó jókòó" lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ó yí i sí "ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ". Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí Ìyá bí Ọmọ tuntun, àtúnṣe Japhet sì pa rẹ́ bí ẹni tí kò wá sáyé rí. Ẹ̀rọ tẹ orúkọ jáde, wọ́n dì í, ṣọ́jà gbé e lọ. Hàmdálàt ò tún un kà. Kí ló fẹ́ kà? Ṣebí ó ti kà á lánàá.

Bàbá Katapílà ò dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ọdẹ́túnjí rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè ló gun àtẹ̀gùn wọn, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, fìlà lọ́wọ́.

"Hàmdá," ó rọra ní, "wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ géètì. Tèmi wà níbẹ̀."

"Irọ́ ni, Bàbá! Kò lè ṣẹlẹ̀!" Ó sáré fa Ìyá tó ti tẹ̀ sórí bébà yọ, ó nàka sí ibẹ̀. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin náà ẹ kà á. Ohun tí mo kọ nìyí."

Bàbá gbà á, ó kà á díẹ̀díẹ̀, ètè ẹ̀ ń mì. Ó kà á débi òógùn, ó dúró, ó tún un kà.

"Ọ̀rọ̀ yìí mà dáa o," ó ní. "Àfi bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ mí. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀wé kà ni?"

Japhet dìde nídìí iṣẹ́ ẹ̀, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀, látorí káàdì dórí iná tó ń ṣẹ́jú.

"O mọ̀, o sì dákẹ́!" Hàmdálàt figbe ta. "Japhet, o mọ̀!"

"Mo fẹ́ sọ. O ní kí n má wulẹ̀ sọ ọ́."

Hàmdálàt jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún, ìtìjú àti ìbànújẹ́ ò sì jẹ́ kó lè wojú bàbá ẹ̀. Ọ̀gá Ọdẹ́túnjí ń rìn síwá sẹ́yìn. "Ẹ̀pa ò bóró mọ́," ó ní. "Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún ṣọ́jà pé iṣẹ́ tó gbà lọ́wọ́ mi kò pé? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n, Ọ̀gá," Hàmdálàt ń sunkún. "Kí n bẹ̀ wọ́n fún bàbá mi."

"Fún èmi nìkan?" Bàbá Katapílà wò ó. "Àwa tá a jọ ṣe lébìrà ńkọ́? Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ikúmápàyí jókòó sí lẹ́bàá géètì nígbà tí mo kúrò níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju gbogbo èyí tó kù lọ. Láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti wọlé, kò tíì rántí ẹlòmíì.

Ó nu ojú, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí Ìyá. Ó tún àṣẹ náà ṣe, ó wá kọ àlàyé sókè ẹ̀: *Ibí ni a ti ṣì í. Mo kọ ọ́ pé ẹni tó ti sìn kó má lọ, mo sì ní kí ẹ̀rọ má ka ọdún lébìrà. Japhet rí i, ó fẹ́ sọ, mo pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yìí, kò yẹ kí ẹ lé wọn. Èmi Hàmdálàt ọmọ Àlímì ni mo kọ ọ́.* Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn.

"Ó kéré tán, yọ orúkọ ẹ kúrò níbẹ̀," Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́.

"Ohun tí kò bá sí nínú Ìyá, Ọ̀gá..." ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè parí ẹ̀. Ó nawọ́ mú báírò. Japhet ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì kọ orúkọ tiẹ̀ sísàlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn lébìrà àtijọ́ ṣì pọ̀ lẹ́nu géètì nígbà tí Hàmdálàt lẹ bébà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti Kọ́nẹ̀lì. Ṣọ́jà kan jáde, ọmọ Yorùbá ni, ìbọn wà léjìká ẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ó máa fà á ya. Kò fà á ya. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì yíjú padà sí wọn.

"Ta ló ń jẹ́ Hàmdálàt níbí?"

Ẹ̀rù bà á, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé akin ni. Bàbá Katapílà ló bọ́ síwájú, ó dúró sáàárín ọmọ ẹ̀ àti ìbọn.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Ohun tó kọ, èmi náà ti kà á."