Apá Aṣọ Tó Sọnù Sínú Bulọ́ọ̀gì

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Àrá bínú sí bulọ́ọ̀gì rẹ̀, gbogbo aláǹgbá ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ló palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ẹbí àwọn. Orúkọ rẹ̀ ro ó gan-an ni. Tí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ nìkan á máa já bọ́tìnnì lára ẹ̀wù èèyàn.

Ìyá rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aránṣọ ni ìyá náà. Ogójì ọdún ló fi gé aṣọ láìfọwọ́ kan téèpù. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń tì sí abíyá oníbàárà láti mọ àyè tí yóò fi sílẹ̀, tí yóò wá gé apá aṣọ tí kì í há, tí kì í wú, èyí tí èèyàn lè wọ̀ gun òkè, kó jà lórí rẹ̀, kó sì sọ̀ kalẹ̀ láìjá òwú kan. Àmọ́ ọwọ́ ìyá ti ń gbọ̀n báyìí. Sísọ́ọ̀sì tó bá mú, ijó ló ń jó. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Àrá fi ṣí bulọ́ọ̀gì lọ́dún kan sẹ́yìn, kí iṣẹ́ ìyá òun má bàa bá ọwọ́ ìyá òun lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó na ọwọ́.

"Gbé fóònù yẹn wá. Mo fẹ́ fojú ara mi ka ohun tó o kọ nípa apá aṣọ mi."

Àǹtí Àrá fi ẹ̀rín gbé e fún un. Bulọ́ọ̀gì ṣí. Orin bú jáde lójijì, ìyá fò sókè, díẹ̀ ló kù kó fi orí lu àjà. Ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lójú fóònù. Lẹ́tà pupa wà lórí àwọ̀ àlùkò, ó ń ta ojú bí ata. Àpótí kan yọ, ó ní kí ìyá fi orúkọ sílẹ̀. Ìyá tì í kúrò, ó tún yọ bí eṣinṣin aláìnítìjú.

Ìyá ń fi ìka yí i lọ. Ó bá ìkíni pàdé. Ó bá ìtàn òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ ṣọ́ọ̀bù pàdé. Ó bá ọpẹ́ fún ẹbí ọ̀tún àti tòsì pàdé. Ó yí i títí èékánná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Apá aṣọ dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀, Màámi. Ẹ ṣì máa yí i."

"Ìsàlẹ̀ ibo? Ìsàlẹ̀ òkun?" Ìyá ju fóònù sórí òkìtì àgékù aṣọ. "O sin iṣẹ́ mi! Èmi tí mo ni ín ò tíì kú, o ti sin ín!"

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí àbúrò Àǹtí Àrá wọlé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé òdìkejì òpópónà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Yíǹkì. Ó mú ṣòkòtò tí àpò rẹ̀ ya dání. Ó wo ojú fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ṣé bulọ́ọ̀gì nìyí, àbí ẹ̀wù ìyàwó tó já sínú garawa ọ̀dà?"

"Ìwọ Yíǹkì! Màá rán ẹnu ẹ mọ́ àpò ṣòkòtò yìí!"

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó rán an. Ẹ pa orin yẹn. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé funfun, kí lẹ́tà dúdú. Ohun tí èèyàn torí ẹ̀ wá, ẹ gbé e sókè. Ìkíni lè dúró. Ẹ gé ọ̀rọ̀ náà kéékèèké kójú ríbi sinmi. Àkọlé yìí ńkọ́? 'Èrò Ọkàn Mi, Apá Kẹtàdínlógún.' Ta ló máa mọ̀ pé bá a ṣe ń gé apá aṣọ ló wà níbẹ̀?"

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi tò ó!" Àǹtí Àrá lu tábìlì, ogún abẹ́rẹ́ fò dìde. "Aṣọ tí ò ní ìlẹ̀kẹ̀, ta ló ń wò ó?"

"Wíwò là ń wo aṣọ, Àǹtí mi. Kíkà là ń ka èyí. Ẹ rán ẹ̀wù, ẹ ò dá ọrùn sí i. Ibo lèèyàn fẹ́ kí orí bọ̀?"

Àǹtí Àrá ti ń wá sísọ́ọ̀sì tí yóò fi lé e jáde nígbà tí ìyá dá sí i.

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Ìgbà wo ni mo ní kó o to ìlẹ̀kẹ̀ dí ihò bọ́tìnnì?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Àǹtí Àrá wọ egungun. Ó fa kọ̀ǹpútà wá, ó gbé ìbínú rẹ̀ kà á lórí. Ó gé orin. Ó gé ìràwọ̀. Ó gé òjò, ó gé ẹbí ọ̀tún, ó gé tòsì. Gbogbo ohun tó bá gé, ó ń bú u kó tó lọ. Ó kọ àkọlé tuntun: "Bí A Ṣe Ń Fi Ìka Wọn Apá Aṣọ." Ó wá na fóònù sí ìyá bí ẹni ń na ìwé ẹjọ́.

Ìyá kà á. Kò pé ìṣẹ́jú kan, ìyá bú ramúramù.

"Ìka mẹ́rin? Ta ló sọ mẹ́rin fún ẹ? Ìka mẹ́ta ni! Mẹ́rin á wú bí àpò àgbàdo! Ọdún kan gbáko lo fi ń parọ́ mọ́ mi!"

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i kà," ni Yíǹkì wí. Rílì òwú mẹ́ta ló bá a lórí kó tó délẹ̀kùn.

Àǹtí Àrá ṣí ẹnu láti jiyàn. Ìyá ti dìde. Ó gbé apá ọmọ rẹ̀ sókè tipátipá, ó ti ìka sí i lábíyá, ìka tó ń gbọ̀n, tó sì le bí irin.

"Mẹ́ta. O gbọ́? Yà á sí fọ́tò, kó o gbé e síbẹ̀, kí n tó bínú!"

Àǹtí Àrá fi ọwọ́ kejì ya fọ́tò náà. Omi ti dé ojú rẹ̀, ó ń bú omi náà pẹ̀lú. Fọ́tò náà gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìràwọ̀ tó bò ó. Ẹni tó bá ṣí i lè kà á kó tó ṣẹ́jú: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.