Gbajúmọ̀ Tí Wọ́n Fi Okùn Dì

Àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lọ́dún tí mo ń kọ́ ìwé kíkà lágbà. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń rá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa to lẹ́tà òjé ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan.

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣà nínú àpótí, tí wọ́n á tò ó títí yóò fi di ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀wé tán, wọ́n á tún tú gbogbo rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn kì í tú: “gbajúmọ̀.” Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, nítorí náà wọ́n to ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀, wọ́n fi okùn dì wọ́n sórí pẹpẹ. Gbajúmọ̀ oníṣòwò. Gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò. Gbajúmọ̀ onílé alájà mẹ́ta. Olóòtú ló ń pàṣẹ ẹni tó tọ́ sí. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, kó má wulẹ̀ retí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìròyìn ìlà mẹ́ta fún Àǹtí: “Agbẹ̀bí kan ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ogójì ọdún.” Àǹtí mọ ìyá náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Agbẹ̀bí kan kẹ̀? Ó yọ “kan” kúrò, ó nawọ́ sí pẹpẹ, ó gbé “gbajúmọ̀” síwájú agbẹ̀bí. Bàbá tó ń yẹ àṣìṣe wò rí i. Ó wò ó títí, ó ní ojú ń dun òun, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Olóòtú wọlé tòun tìwé lọ́wọ́.

“Ta ló fún un ní gbajúmọ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Mọ́tò mélòó ló ní?”

“Kẹ̀kẹ́ ló ní, sà. Bíréèkì rẹ̀ ò mú.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Olóòtú ò rẹ́rìn-ín. “Bí mo bá ń pín in kiri báyìí, kí ni mo fẹ́ fún àwọn èèyàn ńlá? Kó ẹrù rẹ, máa lọ.”

Kò sí iléeṣẹ́ mìíràn nílùú tó ń gba obìnrin sídìí lẹ́tà. Àǹtí ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí agbẹ̀bí náà wọlé, tó gbé àpò rẹ̀ há abíyá, tó fajú ro.

“Ta ló gbé mi sínú ìwé? Láti àárọ̀ ni èrò ti dí ojúlé mi. Omi tí mo gbé kaná kí n fi wẹ̀ ti tutù!”

Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé dìde, tadáwà kún ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi lẹ sọ pé orí mi tóbi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi.”

“Ó ṣì tóbi.”

“Ọmọ mi márààrún, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí wọn,” ni bàbá ayẹ̀wéwò wí.

Ìyá yíjú sí Olóòtú, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó fẹsẹ̀ ṣáájú! Odindi ọjọ́ kan la fi bẹ̀ ọ́ kí a tó rí orí rẹ. Alágídí.”

Ẹ̀rín bú. Olóòtú gbìyànjú láti lejú, ẹ̀rín borí òun náà.

“Mà, màmá mi ò sọ ìyẹn fún mi o.”

“Ojú ló ń tì í.”

Olóòtú nu omijé ẹ̀rín, ó kọjú sí Àǹtí. “Wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ padà. Ìlà mẹ́ta ò tó wọn. Ìtàn wọn ní kíkún lo máa tò fún ìwé ọ̀la.”

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọkùnrin kan fi já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Wọ́n ní ẹ wà níbí, mà! Ìyàwó mi ti ń rọbí!”

“Ìyá ti fẹ̀yìn tì o,” ni Àǹtí wí. “Ó wà nínú ìwé.”

“Ọmọ tó ń bọ̀ ò tíì ka ìwé,” ni ìyá dáhùn, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo wọn rọ́ sójú fèrèsé. Olóòtú ń pariwo pé kó jọ̀ọ́, kó dúró ya fọ́tò. Ìyá gun kẹ̀kẹ́, ọkùnrin náà ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n sì yà ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Ìyá kò wẹ̀yìn rárá.