Títí Gọ́ọ̀mù Yóò Fi Gbẹ

Ó-Kù-Díẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe bàbá náà nígbà tó ṣì ń ṣe káfíńtà. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún un lónìí, tí o padà wá bi í lọ́dún tó ń bọ̀, èsì kan náà ni: ó kù díẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í tini lójú. Ọkọ̀ ojú omi onígi tó wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí kò gùn ju apá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ti lo ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀. Òpó àti ìgbòkun ló ṣẹ́kù.

Fífi òpó sínú ihò rẹ̀ kò le. Mímú un dúró ṣánṣán ni iṣẹ́. Òwú mẹ́ta ń bọ̀ láti orí òpó lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ẹni méjì ló sì ń fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà títí gọ́ọ̀mù yóò fi mú. Ìyàwó rẹ̀ ló yẹ kó fa tòsì, lórí àga rẹ̀ onítìmùtìmù. Òun náà ló fi aṣọ ìrọ̀rí àtijọ́ rán ìgbòkun. Ó máa ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ọkọ̀ yìí tó parí, òun á ti lọ sọ́run, òun á sì ti bọ̀. Ó lọ lóòótọ́. Kò tíì bọ̀.

Bàbá dá a fà. Ó fa tọ̀tún, òpó wọ́ sọ́tùn-ún. Ó fa tòsì, òpó wọ́ sósì. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àárò ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ débi pé ó gbé ìgbòkun sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti pè é pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá kó ẹrù ìyá òun kúrò, àga yẹn ni àkọ́kọ́, kí ojú bàbá lè kúrò lára rẹ̀. Bàbá ní kò burú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó so òwú òsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ apá àga náà, ó wá fa tọ̀tún. Àga kò yẹ̀. Òpó nà ró. Ó kán gọ́ọ̀mù sí gbogbo ojú kókó, ó ta ìgbòkun, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àga.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú alábàárù méjì, ó bá òwú tó nà láti ara ọkọ̀ dé ara àga. Ó béèrè bóyá kí àwọn tú u.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án,” ni bàbá wí. “Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ. Ó kù díẹ̀.”

Ọmọ káfíńtà ni ọmọ. Ó fi ìka kan kókó kan, ó le bí òkúta. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá ń wo ọkọ̀. Ó ní kí àwọn alábàárù gbé àpótí aṣọ nìkan, kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kò fara tì í, kí òwú má baà dẹ̀.