Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Ìyá Mi

Inú ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìtàn pẹ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohùn mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹlẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ló ń gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́kọ́rọ́, ó dé orí ìkòkò tó ń jóná, ó wá kan èmi ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, olùkọ́. Ọmọ mi obìnrin ò sí nílé." Mo wọ ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Látọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá: kó tún mọ̀ mí.

Wọ́n júwe ilé ìwòsàn kan fún wa. Wọn kì í la orí, wọn kì í gún abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń gbé lé orí aláìsàn, tí yóò máa ta pá-pá-pá fún ogún ìṣẹ́jú, tí agbára òòfà inú rẹ̀ yóò máa ta ọpọlọ jí. Dókítà ibẹ̀ kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, kì í sì í wo ojú èèyàn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló máa ń wò. Ó ní àwọn ò ṣèlérí, àwọn ṣì ń dán an wò ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn yóò yẹ màmá wò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹlòmíì yóò gba àga tí màmá ń jókòó sí lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé omi ti tán nínú ife.

Àyẹ̀wò náà ò le lójú. Nọ́ọ̀sì á ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún màmá, á fi àwòrán díẹ̀ gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, á wá ní kó ka ọ̀rọ̀ márùn-ún náà padà látorí: ilẹ̀kùn, ọsàn, bàtà, afárá, aago. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàtà nìkan ni màmá rántí, bóyá torí pé bàtà nọ́ọ̀sì ń dún. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ni olùkọ́ máa ṣe bí ìdánwò bá ń bọ̀, tó sì ti mọ ìbéèrè?

Mo kọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́, bá a bá ti ti ibi ẹ̀rọ dé, màá gbé àga síwájú rẹ̀, màá máa pàtẹ́wọ́ bí mo ṣe ń ṣe fún kíláàsì kìíní. "Ilẹ̀kùn." "Ilẹ̀kùn." "Ọsàn." "Ọsàn." Bó bá ti ṣì í, a tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Pàṣán nìkan ló kù tí mi ò mú dání.

Nígbà tó yá, ó mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì ò tíì béèrè tán tí màmá fi kà wọ́n tẹ̀léra. Ó tún pàtẹ́wọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dókítà gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó wo ọwọ́ màmá, ó wo èmi.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi mú ìwé kejì."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún mìíràn ló wà nínú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi màmá, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ilẹ̀kùn. Ọsàn. Bàtà." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, mà?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa lé wọn kúrò lórí àga."

Kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù. Ó ní ọ̀rọ̀ márùn-ún kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Nílé ńkọ́? Ṣé wọ́n dá ẹnikẹ́ni mọ̀? Ṣé wọ́n rántí nǹkan àtijọ́? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, màá kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì máa bá a lọ."

Ìrọ̀lẹ́ kan sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀kọ́ wa nílé ni. Mo ní, "Ilẹ̀kùn." Kò tún un sọ. Ó wo ọwọ́ òsì mi, ó ní, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ilẹ̀kùn tó há ọ lọ́mọ ìka nígbà tó o wà ní kékeré, ṣé ìka yẹn ò dùn ọ́ mọ́?" Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lorúkọ tó ń pè mí ní kékeré, kí n tó sanra báyìí. Ẹlòmíì ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi sì dá a lóhùn pé, "Màmá, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ìtàn. Ìkejì ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó gbọ́ mi tán.

"Mo fẹ́ gbà yín gbọ́, mà," ó ní. "Àmọ́ ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ṣe lónìí. Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo bínú sí i títí mo fi délé. Mo bínú sí ìwé rẹ̀, sí ẹ̀rọ rẹ̀, sí ẹni tó fẹ́ gba àga náà tí mi ò mọ̀ rí. Mo gbé gbogbo ẹ̀bi náà káàkiri, kò rí ibi bà lé ju orí èmi fúnra mi lọ. Àfọwọ́fà ni.

Nírọ̀lẹ́, màmá fúnra rẹ̀ ló gbé àga síwájú mi. Ó jókòó, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ilẹ̀kùn," ó ní.

Mo na ọwọ́ òsì mi sí i. "Ilẹ̀kùn wo ni, Màmá?"

Ó wo ojú mi bí ọmọ tí kò fẹ́ kùnà, ó tún pàtẹ́wọ́.

"Ọsàn."