Itan Wẹ́dà

Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín, ṣùgbọ́n ìyàwó wẹ́dà kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sórí káńtà ọlọ́jà, ó fi ìka kan ibi tí àpò ti jóná. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní ọsibítù, awọ itan rẹ̀ ti bó. Bátìrì kejì tí ọlọ́jà náà tà fún un mọ́ sìgá oníbátìrì ló bú gbàmù nínú àpò náà.

"Ọwọ́ mi mọ́, Màmá," ni ọlọ́jà wí. "Bàbá ló kó bátìrì pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́. Irin kan irin, ó gbiná. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Ó fà á yọ, bátìrì sìgá tirẹ̀ náà sì tẹ̀lé e jáde, nínú ike kékeré tó ní ìdérí.

Obìnrin náà mú ike ọ̀hún, ó yí i wò.

"Ta ló ní kó o máa fi síbí?"

"Àwọn tó ń kó ọjà fún wa ni."

"O sọ fún ọkọ mi?"



Obìnrin náà rọra gbé ike náà lé orí ihò ṣòkòtò.

"O mọ̀ ọ́n fún itan tìrẹ."