Ọ̀rá Abẹ́ Fáànù

Ọ̀rá ni wọ́n fi wé gbogbo ilé náà. Igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wà nínú ọ̀rá, kànga wà nínú ọ̀rá, oòrùn pàápàá ń ràn bàìbàì. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ara rẹ̀ bí àjèjì.

Akínlàjà, ọkọ rẹ̀ tí wọ́n sin lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jókòó sórí ẹní. Ó tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀, ó ń to síkúrù sínú ọmọrí ìkòkò, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Mofẹ́." Ìbídùn kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. "Mo ti de fáànù tí kì í pariwo tẹ́ ẹ rà sílẹ̀ yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà yín o. Àmọ́ kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń gbóná, á sì kú. Gbogbo fídíò yín wà nínú ẹ̀. Mi ò rí ohùn yín gbọ́."

Akínlàjà fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. Ó fi àkísà nu ojú káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, ó kán ìpara funfun tó ń fa ooru sí i, kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Ó wá yí fáànù náà dojú dé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Mofẹ́, o ò tíì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí?"

Ó fi èékánná bó nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń bó o ni ọ̀rá ń ká kúrò lára ilé, tó ń ká Akínlàjà náà lọ.

"Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Ọ̀sán gangan ni Ìbídùn jí, lórí àga tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ̀rá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ohun tuntun kì í bọ́ṣọ nílé Ìbídùn. Rìmóòtù ṣì wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Ó sáré tú fáànù náà. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan rèé, ó lẹ̀ mọ́ irin tó yẹ kó fara kan káàdì kó lè fa ooru rẹ̀. Òun ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, kí nǹkan má baà ha irin náà.

Ó bó o, ó kán ìpara, ó dè é padà. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ títí, kò kú, kò dún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó fi ọdún mẹ́fà bẹ̀bẹ̀ fún ti dé, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ṣí fídíò kan. Akínlàjà ń sọ̀rọ̀, fáànù àtijọ́ ń ké lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ohùn Ìbídùn fúnra rẹ̀ wá dún láti ilé ìdáná: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yẹn! Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù!"

"Mo ti gbọ́, ìyàwó mi." Akínlàjà na ọwọ́ síwájú láti pa kọ̀ǹpútà. Fídíò náà parí síbẹ̀.